Lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń kàwé mọ́jú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ti kọjá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ò gbé e. Nígbà tí o máa dá mi lóhùn, àtẹ̀jíṣẹ́ lo fi ránṣẹ́: "Ẹ má bínú, Màámi, ọwọ́ mi ló dí." Mo wo àkókò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdájí. Kí ni ọwọ́ ń dí sí ní irú àkókò yẹn? Àbúrò rẹ ló padà sọ ọ́ fún mi. Má bínú sí i, èmi ni mo bi í títí tí kò fi ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí òun sùn lọ́dọ̀ rẹ, iná yàrá rẹ ò kú títí àkùkọ fi kọ. Ó ní ìwé ìfẹ́ lò ń kà, àti ìwé àwọn ọmọ ọba tó ń gun dírágónì. Pé o ti pinnu láti ka 100 ìwé lọ́dún yìí. Pé ojú rẹ pọ́n.

Oorun rẹ ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ìwé. Jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí o má baà ju lẹ́tà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti tún ibi tó ń jò lórí òrùlé ṣe. Ilé ò burú.

Wá, jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ìwé ayé àràmàǹdà, irú ti dírágónì àti idán yẹn, tó nípọn dáadáa máa ń tó 120,000 ọ̀rọ̀, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tó ń fojú ka ìtàn lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka nǹkan bí 250 ọ̀rọ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan. Wákàtí 8 nìyẹn. Bí o bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí o ní o fẹ́ parí rẹ̀ kí o tó sùn, aago mẹ́fà àárọ̀ ni wàá pa á dé, bí o ò bá tilẹ̀ dìde mu omi. Ìwé ìfẹ́ tí kò ju 55,000 ọ̀rọ̀ lọ á gba bíi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40. Wá gbé 100 ìwé tó nípọn kalẹ̀: wákàtí 800. Ó ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Ìwọ tó ń jí lọ síbi iṣẹ́, níbo lo ti fẹ́ rí wákàtí yẹn mú bí kì í bá ṣe lára oorun? Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 lálẹ́, ó kéré tán. Ta ló fún ọ láṣẹ láti máa sun mẹ́ta?

Ọmọ mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Kì í ṣe pé o ò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ibi tí o ń dúró sí ni kò dáa. Ìparí orí lo máa ń dúró sí, àbí? O ní, "Mo fẹ́ parí orí yìí kí n tó pa iná." Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ibẹ̀ ni òǹkàwé máa ń sinmi, ìyẹn ló fi dẹ okùn síbẹ̀. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, orí parí. Wọ́n fún ọmọbìnrin náà ní lẹ́tà, kò tíì ṣí i, orí parí. Èyí tí ẹni méjì bá sì ń sọ ìtàn pọ̀ ló tún le jù. Orí 12 á fi ọmọ ọba sílẹ̀ létí ọ̀gbun, orí 13 á gbé ọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ogun kan nílùú òdìkejì, o gbọ́dọ̀ ka 13 kó o tó dé 14. Kí 13 náà tó tán, ọmọ ogun ọ̀hún ti já sí kòtò. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ báni.

Àárín orí ni kí o máa dúró sí. Wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀: ìjà ti parí, wọ́n ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ẹnìkan ń di ọgbẹ́ fún ẹnìkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo funfun máa ń wà níbẹ̀, tàbí ìràwọ̀ mẹ́ta láàárín ojú ìwé. Fi àmì rẹ síbẹ̀, pa ìwé dé. Wàá rí i pé ọkàn rẹ á balẹ̀ fún oorun. Bó bá sì di ọjọ́ kejì, ó máa ń rọrùn láti wọlé padà síbi tí ara ti tù wọ́n ju ibi tí idà ti wà lókè lọ.

Ṣé o ti ń sùn báyìí? Kì í ṣe àbúrò rẹ ni mò ń bi o.

Ti ìwé ìfẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Kí lò ń sáré lọ wò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru? Ohun tó ń mú wọn jẹ́ ìwé ìfẹ́ gan-an ni pé ìfẹ́ àwọn méjì ló wà láàárín ìtàn, ayọ̀ sì ni wọ́n á fi kádìí rẹ̀. Ìlérí ni. Wọ́n á fẹ́ ara wọn, bí o sùn bí o ò sùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, bí ìwé bá ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n máa ń jà, wọ́n á túká, ohun tí ọ̀kan fi pamọ́ á tú síta. Ibẹ̀ ni gbogbo òǹkàwé ti ń ṣàìsùn, torí kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹkún kó máa lọ sùn. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí o débẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀rọ ìkàwé rẹ ń fi ìdá tí o ti kà hàn nísàlẹ̀. Bó bá ti di 70 nínú 100, pa á dé. Fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀sán Sátidé, kí o kà á tán ní ìjókòó kan, kí o sunkún tó bá wù ọ́. Ẹkún ọ̀sán kì í pani lára.

Ti ayé àràmàǹdà yàtọ̀. Apá kìíní ọ̀wọ́ ìwé kì í sábà parí ìtàn, ó kàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn sí apá kejì ni. Bí o bá sọ pé o fẹ́ mọ òpin rẹ̀ lóru kan, o ti tan ara rẹ. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kankan, béèrè ohun méjì: apá mélòó ni, ṣé èyí tó kẹ́yìn ti jáde? Bí kò bá tíì jáde, ó lè gba ọdún kan, ó lè gba ọdún mẹ́ta, wàá sì ti gbàgbé ẹni tó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ àti ẹni tí idán rẹ̀ ti tán. Mú ègé tákàdá kan, fi ṣe àmì ìwé. Bí orúkọ tuntun bá ti wọlé, kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: àbúrò ọba, ó ń purọ́. Nígbà tí o bá parí, kọ ìlà márùn-ún sẹ́yìn rẹ̀ nípa ibi tí olúkúlùkù wà àti ohun tí wọ́n ń wá. Fi tákàdá náà sínú ìwé. Nígbà tí apá tó tẹ̀ lé e bá dé, ìṣẹ́jú méjì ti tó ọ, o ò ní láti tún ojú ìwé 500 kà.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n jáde ni kí o máa kà wọ́n tẹ̀ léra. Ìtàn kékeré tí wọ́n kọ 0.5 sí lára máa ń tan ènìyàn, ẹni tó bá rí i á rò pé òun ló ṣáájú. Òótọ́ ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí apá kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn apá kìíní ni òǹkọ̀wé sábà máa ń kọ ọ́, àṣírí tó sì yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu lè ti jò síbẹ̀.

Ní ti 100 ìwé yẹn, inú mi ò dùn sí i rárá. Ìgbádùn lo bá wá sídìí ìwé, kí ló dé tí o sọ ọ́ di ìṣirò? Ẹni tó bá ń ka iye kì í lè fi ìwé tí kò dùn sílẹ̀, torí ó ti ka 200 ojú ìwé, kò fẹ́ kó ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fi òru mẹ́ta wọ́ ìwé tí kò fẹ́ràn. Nancy Pearl, tó ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan tí mo fẹ́ràn: ka 50 ojú ìwé, bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ju ọmọ 50 ọdún lọ á yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100, ohun tó bá kù ni iye tó yẹ kó kà. Ojú ìwé 38 ni tèmi. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún máa ń fúnni ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, kà á kí o tó náwó.

Bó bá sì jẹ́ ìwé tí o yá lórí Libby, áàpù tí ilé ìkàwé fi ń yáni ní ìwé lórí fóònù, ló ń lé ọ, mo mọ ìyẹn náà. Ọjọ́ 14 tàbí 21 lọ́pọ̀ ìgbà, á padà fúnra rẹ̀. Ìṣòro máa ń dé nígbà tí mẹ́ta tí o ti ń dúró dè bá dé lọ́jọ́ kan náà. O lè sọ fún wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹlòmíì ná kí wọ́n padà wá fún ọ, ipò rẹ lórí ìlà kò sì ní sọnù. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Má fi fóònù kàwé lórí ibùsùn mọ́. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan. Bí o ṣe ń ka orí kan, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, wàá lọ wo ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ìwé náà, wàá tún rí ìwé mẹ́rin mìíràn. Fi fóònù sí yàrá kejì. Ìwé tákàdá ni kí o mú dání, tàbí ẹ̀rọ ìkàwé tí ojú rẹ̀ dà bíi tákàdá, kí o sì dín iná rẹ̀ kù. Bó bá jẹ́ pé etí lo fẹ́ fi gbọ́ ọ, yan èyí tí o ti kà rí, kí o fi sí i pé kó kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Tuntun kò dára fún ìgbà tí o fẹ́ sùn. Máa gbọ́ tuntun nígbà tí o bá ń fọ aṣọ. Ìwé 120,000 ọ̀rọ̀ á tó nǹkan bíi wákàtí 13, aṣọ púpọ̀ ni wàá fọ̀.

Àwọn ìwé ìfẹ́ kan wà tí òdòdó wà lẹ́yìn wọn, tí inú wọn sì ṣókùnkùn. Òǹkọ̀wé sábà máa ń kọ ìkìlọ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Kà á. Má fò ó. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ obìnrin kiri nínú ìwé, òǹkọ̀wé ló di okùn rẹ̀ mú. Èyí tó wà níta, kò sẹ́ni tó dì í mú.

Àbẹ̀kẹ́, ohun kan wà tí mo ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún 14, mo gba ìwé ìfẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo fà á ya lójú rẹ, mo ní ìranù ni. Mi ò ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ náà lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo máa ń kọjá lọ láìsọ̀rọ̀, nítorí ojú ń tì mí. O rò pé o ń sá fún mi láṣeyọrí. Èmi ni mo lé ìwé kíkà rẹ wọ inú òru, oorun tí mo wá ń bá ọ jà lé lórí lónìí, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ jí i. Mo ti ń ka irú àwọn ìwé náà fúnra mi báyìí, níbo lo rò pé mo ti mọ ìràwọ̀ mẹ́ta àárín ojú ìwé? Wọ́n dùn. Mo jẹ ọ́ ní ìwé kan, mo sì jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀. Dákun, má bínú.

Máa kàwé lọ́sàn-án. Kà á níwájú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o bá ń bọ̀ wálé, má fi ẹ̀yìn ìwé pamọ́ sínú báàgì. Mú èyí tí ò ń kà lọ́wọ́ wá, kí o jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀, èmi náà á mú tèmi. Bàbá rẹ ló máa dáná. Tún bá mi mú apá kìíní ìwé dírágónì yẹn bọ̀, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí o sì fi tákàdá orúkọ rẹ sínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ alẹ́ ni lẹ́tà yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má dá mi lóhùn di àárọ̀.

Ìyá rẹ