Ẹ̀sùn Lórí Fídíò Tí Ẹ Yọ Láìsọ Ìdí

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Sí Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀sùn mi wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ọ̀rọ̀ fídíò mi tí ẹ yọ lórí ìkànnì yín sì wà níbẹ̀. Mi ò ní rò ó mọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ti gba ọ̀rọ̀ náà ló ń ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Èyí tó dá èsì kẹ́yìn ló bí mi nínú jù. Ó ní fídíò náà lòdì sí òfin yín. Mo ní, "Òfin wo?" Ó ní, "Àwọn òfin wa." Mo ní kó sọ ìpín rẹ̀, ó ní kí n lọ kà á fúnra mi. Kí n tó fèsì, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti yanjú ẹ̀sùn náà, ó sì pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣèlérí ìdí ní kíkọ láàárín wákàtí 48. Wákàtí tiyín mà gùn o.

Ohun tí mo ń bèèrè kò kún ojú ewé kan: ìlìǹkì ohun tí ẹ yọ, ìpín òfin tó ṣẹ̀ sí, ẹni tó fà á, yálà ẹ̀rọ yín, ẹni tó fẹjọ́ sùn, ìjọba tàbí ilé-ẹjọ́, àti ibi tí mo lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí, níwájú ẹni tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá a. Láti 2018 ni Santa Clara Principles, ìlànà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé kalẹ̀ fún irú iléeṣẹ́ yín, ti là á sílẹ̀. Ní Yúróòpù, Digital Services Act, òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ orí ayélujára, ti sọ ọ́ di dandan. Àbí ti ará Òṣogbo kò kàn yín?

Ó tún ku ti dátà mi tí mo bèèrè lọ́wọ́ yín. Fáìlì zip tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní ju fọ́tò tí èmi fúnra mi gbé síbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ mi kọ. Àkọsílẹ̀ ìpinnu tí ẹ ṣe lórí àkáǹtì mi dà? Àwọn tí ẹ fún ní dátà mi ńkọ́? Ìpín 34 Nigeria Data Protection Act ti 2023, òfin ààbò dátà wa, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ẹ ń lò ó fún, àwọn tí ẹ fi hàn, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín. Ẹ má tún tọ́ka mi sí ìròyìn tí ẹ fi ń ka iye ìgbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bèèrè dátà àwọn oníbàárà lọ́wọ́ yín. Àpapọ̀ iye kò lè sọ bóyá tèmi wà nínú rẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá dè yín lẹ́nu, ẹ sọ pé ẹ ò lè dáhùn. Ìyẹn náà, ìdáhùn ni.

Mo fún yín ní ọjọ́ 7. Bí kò bá sí ìdí ní kíkọ àti àkọsílẹ̀ náà, ẹ̀sùn yóò dé iwájú NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, pẹ̀lú screenshot ibi tí òṣìṣẹ́ yín ti pa ẹ̀sùn dé. Fún iléeṣẹ́ tó tóbi bíi tiyín, ìtanràn lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Èèyàn ni kó fèsì, kó sì fi orúkọ sí i.

Oníbàárà yín, l'Óṣogbo.