Lẹ́tà sí Ìyá Kẹ́mi, nítorí béèlì dúdú yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Àná ló pé ọdún kan tí ẹ ti fayé sílẹ̀ lọ. N kò lè jókòó sílé, ni mo bá wa mọ́tò gun òkè. Crossnore lorúkọ ibẹ̀, ní North Carolina níbí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá pàdé, ọ̀rọ̀ yín ni.

Tọkọtaya dókítà kan, Mary àti Eustace Sloop, ló dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1911 ni wọ́n dé abúlé yẹn. Ní 1913 ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ jìnnà síra, òṣì sì pọ̀, ni wọ́n bá kọ́ ilé tí wọn á máa sùn sí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń rówó? Òkìrìkà! Àwọn èèyàn ìlú ńlá á kó aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ sẹ́yìn ránṣẹ́, ìyá yìí á tà á fáwọn ará abúlé. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ló fà á, ọmọ kékeré tí wọ́n fẹ́ fún lọ́kọ. Ìyá yìí tọrọ aṣọ kí ọmọ náà lè rí nǹkan wọ̀ lọ sílé-ìwé, aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n kó wá. Ó tà á, ọmọ lọ kàwé.

Dúdú, Ìyá Kẹ́mi. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Ẹ rántí ọjà òkìrìkà Katángúà, ọ̀sẹ̀ tó kù kí n wọ bọ́dìńgì? Gbogbo owó àjọ yín lẹ fi ra béèlì aṣọ yẹn. A já a, dúdú látòkè délẹ̀, kóòtù òtútù àti kaba ọ̀fọ̀. Màmá ń sunkún, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé ẹ ka owó ilé-ìwé sí mi lọ́wọ́, owó tuntun tó ń dún. Níbo ni olókìrìkà ti ń rí owó tuntun? Oṣù kejì, wọ́n sìn yín lọ sílé Bàbá Kẹ́mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi ọ̀mọ̀wé ní òpè ni yín, pé ọkọ ló ń kán yín lójú. Ẹ ò fèsì.

Ta ló ra aṣọ dúdú yẹn? Àbí owó orí yín ni mo fi kàwé? A jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan títí ilẹ̀ fi mọ́, àìmọye ìgbà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ orúnkún, ẹ sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ aládùúgbò, ẹ ò sọ èyí. Inú ń bí mi sí yín. Ní 1951 wọ́n fi obìnrin Crossnore yẹn ṣe Ìyá Ọdún ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ta ló fi yín ṣe nǹkan kan?

Wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ mi kù. Owó ilé wà nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí Kẹ́mi ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù nítorí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ parí. Bó ṣe ní “Àǹtí mi” báyìí, ohùn yín ni.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà wọn kí n tó sọ̀kalẹ̀. Kaba dúdú kan wà níbẹ̀, dọ́là mẹ́rin. Mo mú un, mo dá a padà, mo tún mú un. Ó wà nínú búùtù mọ́tò. N kò tíì gbé e wọlé.

Àbúrò yín.