Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń dúró de ohùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí. Ohun tó fà á ni pé láàárín oṣù kan péré, ọ̀dọ́ mẹ́ta ló ti wá bá mi ní Ṣàgámù níbí pé àwọn fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, pé Ọlọ́run ti pe àwọn, méjì nínú wọn tiẹ̀ ti lọ tẹ pósítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná.

Èmi náà ti wá irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ obì ni mò ń ṣe nígbà tí mo ṣì lágbára, obì gbànja, à ń rẹ ẹ́ sómi, à ń bó èèpo ẹ̀, à ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, ká tó fi ewé tẹ́ agbọ̀n ká kó o sínú ẹ̀ fún àwọn Hausa tó ń rà á ní Sábó. Àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Wáàsí ni mo fẹ́ máa ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé máíkì fún mi, kí àwọn obìnrin máa pariwo tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Mo kírun òru títí orúnkún mi fi dúdú, mo wọ kàlúwà ọjọ́ méje, ìyẹn ni pé mo dá wà nínú yàrá tí mò ń gbàdúrà, ohùn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni ti ikùn mi tó ń kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan kú ládùúgbò wa. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, a ti jà lórí gbèsè agbọ̀n obì méjì, a ò sì tíì parí ẹ̀ tó fi kú. Mo kàn lọ kí wọn ni, torí tí wọn ò bá rí mi wọ́n á ní inú mi ń dùn. Ìyá àgbà tó máa ń wẹ òkú obìnrin ti dé, àmọ́ ẹni tó yẹ kó bá wọn ṣe é ti lọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá wo gbogbo wa yíká, wọ́n wá rí ọwọ́ mi tí omi obì ti bó, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ọwọ́ tìẹ ti mọ omi, wọlé."

Mo wọlé. Ẹ̀rù bà mí débi pé eyín mi ń gbára wọn. Ọwọ́ ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, a wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a wá fi káfúrà sómi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tí mo ti ń da omi sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan o, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ mi. Ṣẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún láti àárọ̀, tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé ó ń dún, tẹ́nì kan wá pa á? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìjà gbèsè lọ, wáàsí lọ, máíkì lọ, mo kàn mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n wà rèé. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, a fi aṣọ márùn-ún we òkú, mo sì lọ sílé lọ bó obì tó ṣẹ́kù torí olówó ẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà rèé: ẹ rò pé ọjọ́ téèyàn bá ti mọ̀ náà ló máa gba iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi bu omi fún ìyá yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kànìnkànìn. Wọ́n ní ẹni tó lè wẹ òkú pọ̀, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè dákẹ́ ni, torí ohun téèyàn bá rí lára òkú, àmánà ni, ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ pé ká pa mọ́, kò gbọdọ̀ bá a dé ọjà.

Ẹ wo Oshitelu ará Ògèrè. Ẹ̀sìn tiwọn kọ́ ni mò ń ṣe, àmọ́ ọmọ Rẹ́mọ ni gbogbo wa, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ la jọ ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú ìkòkò kan náà. 1925 ló rí ojú ńlá kan lójú ìran, tó ń tàn bí oòrùn, tíṣà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni nígbà yẹn. 1930 ni Ìjọ Olúwa tó dá sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò! Ọdún márùn-ún, iṣẹ́ tíṣà sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ẹ̀. Joseph Ṣàdárè ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́, tó lálàá nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918? Ẹgbẹ́ àdúrà ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ó di 1922 kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ pósítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì àlá.

Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó máa hàn sí yín ni pé kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nílé-ìwé àwọn pásítọ̀, ó ń pọn omi lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé mọ̀ pé ìyá òun ló fẹ́ jẹ́ pásítọ̀, kì í ṣe òun. Ìyá ẹ̀ sunkún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun. Fóònù ló ń tún ṣe báyìí, kì í sì í yọ ojúlówó ẹ̀yà ara fóònù oníbàárà kó wá fi ayédèrú sí i. Èmi gbà pé Ọlọ́run ló dá a lóhùn lẹ́bàá omi yẹn.

Àwa mẹ́ta péré ló kù tó ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa, orúnkún ẹnì kan nínú wa sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí, ẹ wá máa bá wa bu omi. Ẹ má wọ aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn wá o, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yín sílẹ̀ nílé.