Tápù yẹn ni kẹ́ ẹ wò lára ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kò sí ráífù afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó lè bá BSA Airsporter, ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dù ú torí pé ọ̀pá ẹ̀ kì í mì, mo ní kí n fèsì, ìdajì òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn.

Lóòótọ́, ọ̀pá tó dúró sójú kan dáa. Láti 1905 tí BSA ti ń ṣe ìbọn Lincoln Jeffries ni lífà ti wà lábẹ́ ẹ̀, téèyàn á fà á wálẹ̀ láti fi fún sípíríǹgì tó ń ti atẹ́gùn sẹ́yìn ọta pọ̀, tí ọ̀pá ò ní kúrò láyè ẹ̀ rárá. Àmọ́ tí ọ̀pá ò bá ṣí, ibo lọta máa gbà wọlé? Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi tápù sí i, irin kan tó dáhò láàárín tó ń yí bíi tápù omi, ẹ ó ṣí i, ẹ ó ju ọta sínú ihò ẹ̀, ẹ ó yí i padà. Ọwọ́ lẹ máa fi yí ti Webley Mark 3 (ìbọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn), ti Airsporter tó jáde ní 1948 máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fa lífà. Ó rọrùn, mi ò jiyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú tápù lọta jókòó sí, kò tíì wọ ọ̀pá. Atẹ́gùn ló máa gbá a sọdá síbi tí àwọn ìlà inú ọ̀pá tó ń mú ọta yí ti bẹ̀rẹ̀, tí tápù bá sì ti jẹ díẹ̀ tí ihò ẹ̀ ò bá ti ọ̀pá mu mọ́, ọta á fi etí gbá irin, á wọ́, atẹ́gùn á tún máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mélòó ni tápù ẹ̀ ò tíì jẹ?

Ẹ wá wo HW35 ti Weihrauch, ilé iṣẹ́ Jámánì. Ọ̀pá ẹ̀ lẹ máa ṣẹ́ wálẹ̀, ẹ ó fi àtàǹpàkò ti ọta wọnú ọ̀pá gan-an. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ̀pá tó ń ṣẹ́ á dẹ̀, wọ́n gbàgbé pé ó ní nǹkan tó ń dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ tú kó tó ṣí. Tí wọ́ṣà ẹnu ibẹ̀ bá gbó, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Tápù tó jẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ irin ló ń lọ.

Wọ́n tún máa ń ní ti Jámánì ò lágbára. Ẹ wo ara ìbọn yẹn dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà F nínú àmì onígun márùn-ún, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dín agbára ẹ̀ kù sí joule 7.5 (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára ọta) torí òfin ibẹ̀, nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà tó bíi joule 16. Kí ló kan bí wọ́n ṣe ń ki ọta nínú ìyẹn?

Èyí tó ní àǹfààní méjèèjì ni Feinwerkbau 300, lífà ẹ̀gbẹ́ ló ní, ọ̀pá ò ṣẹ́, inú ọ̀pá náà lẹ sì máa fi ọta sí tààrà, ṣùgbọ́n ìbọn ìdíje ni, agbára kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹni tó bá ti ní oní-tápù, ẹ lo ọta olórí róbótó tí òjé ẹ̀ rọ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ ìdí ẹ̀ láti dí ihò. Ẹ má sì da ọ́ìlì púpọ̀ sínú ẹ̀ o, ooru ibi tí atẹ́gùn ti ń fún pọ̀ á mú kó gbiná, á dún gbàù, yóò sì ba sípíríǹgì jẹ́.