Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Jẹun

Òkun o, ẹ̀yin ará. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ní aago méje òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, a ó pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọ fún oúnjẹ àárọ̀ àti àdúrà nítorí àwọn ọmọ wa tí tramadol àti kódéènì, oògùn apàrora tó ń di bárakú, ti dè mọ́lẹ̀, àti àwọn tó ti ń bọ́. Gbogbo ìlú la pè. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bọ̀, àwọn ọlọ́kadà náà ń bọ̀. Ẹgbẹ́ Obìnrin ló máa din àkàrà, ẹ̀kọ gbígbóná á sì wà.

Jòhánù orí 21 la ó kà. Pétérù ti sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀, iná ẹ̀yín ló bá létí omi, ẹja wà lórí rẹ̀. Jésù ní kí wọ́n wá jẹun. Ẹsẹ 15 sọ pé ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwa ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà la ti ń fi ìbéèrè pàdé ọmọ: “Ta ló kọ́ ọ? Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?”

Kì í ṣe ọmọọ̀ta ni gbogbo wọn. Ẹlòmíì ń kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ní kó lo ẹyọ tramadol kan kí ẹ̀yìn má baà dùn ún. Nígbà tó yá, ẹyọ kan ò ràn án mọ́. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní kódéènì lọ́dún 2018. Ìwádìí tó jáde ní 2019 sì ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló ń lo oògùn apàrora bíi tramadol àti kódéènì láìṣe pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ẹ má sọ pé kò dé ìlú wa.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró á máa làágùn nínú ọyẹ́, á máa bì, egungun á máa ro ó, kò ní rí oorun sùn. Tramadol àpọ̀jù a sì máa fa gìrì. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má nà án pé ẹ̀ ń lé ẹ̀mí èṣù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Àwọn tó mú ìhìnrere wá sí ìlú Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 1908 náà ni ẹgbẹ́ wọn dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1952. Wọn ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè kú. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Bí ìtìjú bá mú kó lọ lò ó ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò rí i pé kò mí dáadáa mọ́? Torí náà, bó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó lè sọ fún yín.

A ò ní gbé máíkì fún ẹnikẹ́ni kó wá jẹ́rìí ní tipátipá. A ò sì ní ya tábìlì sọ́tọ̀ fún “àwọn yẹn.” Ibi tí ẹ bá bá àyè, ẹ jókòó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, iṣẹ́ ni Jésù fi lé Pétérù lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tàbí ti kápẹ́ńtà, tẹ́ ẹ lè gba ọmọ kan, ẹ rí mi lẹ́yìn ìsìn òní.