Ẹ bi aláìsàn léèrè ohun tó fẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo fẹ́ kí ẹ ka ìwé kan, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn. When Breath Becomes Air ni orúkọ rẹ̀. Paul Kalanithi, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Stanford, ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Lọ́dún 2013 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì ti tàn kálẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2015, kí ìwé náà tó jáde. Lucy ìyàwó rẹ̀ ló kọ apá ìparí.

Ẹ ó sunkún bí ẹ bá ń kà á, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe. Kalanithi fẹ́ mọ iye ọdún tó kù fún òun. Obìnrin náà kò dá a lóhùn. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù lọ ni dókítà ń bi í. Nítorí pé ó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ abẹ, wọ́n ro ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ oògùn, kí oògùn má bàa pa ọwọ́ náà lára. Ó sì padà síbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n ń ronú ọmọ bíbí, Lucy bi í bóyá ìdágbére fún ọmọ kò ní mú kí ikú túbọ̀ dùn ún. Ó ní bó bá dun òun bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní dára ni? Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló lò pẹ̀lú ọmọ náà. Pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí mi, ńṣe ni mo pa ìwé dé níbẹ̀ ná.

Ẹ wo ohun tí àwa ń ṣe. A ó kóra jọ sí pálọ̀, a ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a ó parí ìpinnu, a ó wá wọlé lọ sọ fún aláìsàn pé ara á yá. Ó sì mọ̀. Òun ló ni ara. Bó bá fẹ́ sọ ti ogún tàbí ti àwọn ọmọ, a ó ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn ń dùn mí púpọ̀. Ẹ bi í: “Kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Ta lẹ fẹ́ rí? Ibo ló ń dùn yín jù?” Ẹ bá dókítà sọ ti ìrora náà. Ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù kò ní láti dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Ó lè bá oògùn àìsàn náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ló fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú. Bó bá jẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù ló fẹ́ gbọ́ lónìí, ẹ kà á fún un, kẹ́ ẹ tún bi í lọ́jọ́ mìíràn.

Èmi ni,
Bàbá yín.