Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀rù Hẹlikọ́pítà, Ewu Márosẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ epo lórí òkun bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ńṣe ni ilé rẹ̀ máa ń dà bí ilé ẹni tó ń lọ sójú ogun. Ìyá á gbààwẹ̀, ìyàwó ò ní lè sùn, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aládùúrà. Hẹlikọ́pítà tó máa gbé e láti Ìkẹjà lọ sórí ríìgì, ìyẹn ibùdó ìwapo lórí òkun, ló ń já wọn láyà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí tó dé Ìkẹjà, ó ti kúrò n'Íbàdàn ní aago mẹ́ta òru. Ó wọ ọkọ̀ akérò lẹ́bàá ọ̀nà. Kò mọ ẹni tó ń wà á, kò mọ ìgbà tí onítọ̀hún sùn kẹ́yìn, kò sí bẹ́líìtì lórí ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì sá eré àsápajúdé títí wọ́n fi wọ Èkó. Ẹnikẹ́ni ò gbààwẹ̀ nítorí ìyẹn.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Hẹlikọ́pítà ni ikú òde lójú wa. Márosẹ̀ ti di ará ilé, ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́.

Mi ò fẹ́ kí á fi irọ́ tu ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nínú. Àwọn kan máa ń sọ pé hẹlikọ́pítà ò léwu tó mọ́tò rárá. Bàálù ńlá tó ń kó èrò lọ sí Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá fi wákàtí kan wé wákàtí kan, ewu inú hẹlikọ́pítà ju ti mọ́tò lọ. Ìdí ni pé kékeré ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnì kan àti páílọ́ọ̀tì kan ni wọ́n ní, wọ́n sì ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ láti fín oògùn sóko tàbí láti yẹ wáyà iná wò. Òmíràn ń fò lóru nínú ojú ọjọ́ burúkú. Irú èyí ni hẹlikọ́pítà tó já ní aṣálẹ̀ Kalifọ́níà lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, tí èèyàn 6 bá a lọ: Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà báńkì Access, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀; Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, alága ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà tẹ́lẹ̀; àti páílọ́ọ̀tì méjì. Ilẹ̀ ti ṣú, òfurufú sì ti dí. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ yín ò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ hẹlikọ́pítà mọ́.

Èyí tó ń kó òṣìṣẹ́ epo yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ́ńjìnì méjì, páílọ́ọ̀tì méjì, ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Wọ́n á gbé èrò àti ẹrù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Bí ẹ́ńjìnì kan bá kú, èkejì wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá kú pàápàá, kì í já lulẹ̀ bí òkúta: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ á máa yí abẹ̀bẹ̀ òkè, bí èso arère ṣe máa ń pòòyì bọ̀ láti orí igi, páílọ́ọ̀tì sì lè fi ìyípo yẹn bà sílẹ̀. Gbígbọ̀n tó máa ń gbọ̀n nígbà tó bá ń dẹ eré sílẹ̀ láti bà, tó ń mú kí ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí máa pe orúkọ Jésù, ara ìrìn rẹ̀ ni. Kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ wá wo ojú pópó tiwa. Àkọsílẹ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi hàn pé ẹ̀mí tó lé ní 5,000 ló bọ́ lójú ọ̀nà Nàìjíríà ní ọdún 2023, ó sì tún lé ní 5,000 ní 2024. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 365, ó ju èèyàn 13 lọ lójúmọ́. Ó dà bí ìgbà tí hẹlikọ́pítà kan tó gbé èèyàn 12 ń já lójoojúmọ́, ọdún gbáko, tí ẹyọ ẹnì kan ò yè.

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn jàǹbá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015, hẹlikọ́pítà tó ń bọ̀ láti orí ríìgì já sínú ọ̀sà ní Òwòròǹṣòkí. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. 6 kú, 6 yè. Ọ̀pá kan tó ń gbé àṣẹ ọwọ́ páílọ́ọ̀tì lọ sí abẹ̀bẹ̀ òkè ló yọ kúrò ní oríkèé rẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, àṣẹ ti jáde láti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, pé kí wọ́n yẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn hẹlikọ́pítà irú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, òmíràn bà sórí òkun; gbogbo èèyàn 11 tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Bí bọ́ọ̀sì bá gbókìtì ní Ògèrè nítorí táyà, táyà mélòó ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì?

Bí hẹlikọ́pítà bá bọ́ sómi, omi ló sábà ń pani. Òkè ni ẹ́ńjìnì àti jíà rẹ̀ wà, òkè ló wúwo, nítorí náà ó máa ń dojú dé, orí èrò á wá wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ HUET, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà lábẹ́ omi, nínú adágún omi, níbi tí wọ́n ti ń yí àgọ́ bí inú hẹlikọ́pítà dojú dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Kó tó gbéra rárá, kó ti mọ fèrèsé tirẹ̀, kó sì ti fọwọ́ kan etí fèrèsé náà. Bí omi bá ń bọ̀, kó mí kanlẹ̀, kó má tú bẹ́líìtì. Kó dúró kí yíyí náà parí. Kó ti fèrèsé jáde ná, kí ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú gírígírí, lẹ́yìn náà ni kó tó tú bẹ́líìtì, kó fa ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì á léfòó, kò ní rí ibi fẹ̀yìn tì mọ́ láti fi ti fèrèsé, kò sì ní mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò sì gbọ́dọ̀ fa okùn tó ń mú ẹ̀wù ààbò wú nígbà tó ṣì wà nínú, torí ẹ̀wù náà á gbé e lọ lẹ̀ mọ́ òkè, kò ní lè rì padà sí ẹnu ọ̀nà. Ìta ni wọ́n ti ń fà á. Lórí ilẹ̀ náà, iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ tí páílọ́ọ̀tì ti lè rí i ni kó gbà wọ̀ ọ́, kó má sún mọ́ ìrù láéláé. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ń yí débi tí ojú ò rí i mọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó, ọdún 4 ni ìwé ẹ̀rí HUET ń lò. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí tirẹ̀ máa parí. Ìbéèrè yẹn náà, àdúrà ni.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, ẹlẹ́wọ̀n lásán ni Pọ́ọ̀lù nínú ọkọ̀ tó gbé ọkàn 276. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbéra ní àsìkò yẹn. Wọ́n gba ti ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́ jù tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjì dé, áńgẹ́lì ṣèlérí fún un pé ẹ̀mí kankan ò ní ṣòfò. Ẹni tó gba irú ìlérí yẹn ì bá lọ sùn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá, òun náà ló ké pé bí wọn ò bá dúró nínú ọkọ̀, kò sí ìgbàlà. Ó ní kí wọ́n jẹun kí wọ́n lè lágbára. Pọ́ọ̀lù ò fi ìlérí Ọlọ́run dákẹ́.

Àwa ńkọ́? A ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀ ní gáréèjì, dírẹ́bà á sì máa sá 130, gbogbo wa á dákẹ́. Bí arábìnrin kan bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra,” àwọn ará ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn pé, “Ṣé ìwọ nìkan lo lẹ́mìí ni?” Lórí ríìgì, kódà alásè ní àṣẹ láti ní kí iṣẹ́ dúró bó bá rí ewu. Ẹ mú àṣẹ yẹn wọnú bọ́ọ̀sì. Kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí èèyàn wà. Owó ọkọ̀ tó bá ṣègbé ò tó nǹkan.

Oorun ni mo bẹ̀rù jù. Ní 100 kìlómítà láàárín wákàtí, mítà 28 ni mọ́tò ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá 4 ti fi ojú dídì rin ohun tó ju mítà 110 lọ, tírélà tó kú láìsí iná sì lè wà níbẹ̀. Kọfí, obì, ṣíṣí fèrèsé, kò sí èyí tó lè dípò oorun. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ríìgì dé lẹ́yìn iṣẹ́ òru sun oorun kan ná kó tó fọwọ́ kan sítíárì.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra tòkúnbọ̀. Òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, ni ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìfojúdá fọkanáísà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń ká lẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbóná, á bẹ́. Bó bá bẹ́, ẹ má tẹ búrékì lójijì: ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé bẹ́líìtì lè dín ikú àwọn tó jókòó níwájú kù tó ìdajì. Ti ẹ̀yìn náà ṣe pàtàkì, torí ara tí a ò dè lẹ́yìn ló ń lọ kọlu ti iwájú. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín.

Nítorí náà, ọkọ̀ ìjọ ò ní gbéra lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì lọ sí àpéjọ mọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé la máa jáde, pẹ̀lú dírẹ́bà méjì tí kò ní ṣe ìṣọ́ òru. A ti sọ fún Dékínì tó ń bójú tó ọkọ̀ kí wọ́n yẹ táyà àti bẹ́líìtì wò ní Ọjọ́bọ̀. Èèyàn 14 ni bẹ́líìtì inú rẹ̀ gbà, 14 la máa kó. Ẹni karùndínlógún, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí Ọjọ́rú tó pé, ká lè gba ọkọ̀ kejì.